Bí Ọgbẹ́ Bá Ti Inú Ìjọ Wá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìṣòótọ́ sí Ọlọ́run

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe lè máa bá Ọlọ́run rìn láìyẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ ọ́ tán ní wákàtí kan yóò kàn ka orí ọ̀rọ̀ lásán ni. Ibì kan ṣoṣo ni mo mú nínú rẹ̀, ibi tí mo ti ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń ṣubú: báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ́ olóòótọ́ sí Ọlọ́run nígbà tí ohun tó ń retí kò dé, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ ọwọ́ àwọn ará inú ìjọ ni ìyà ti wá jẹ ẹ́?

Ẹ wo òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí ọkọ̀ ṣe ń tò lọ sí ibùdó àdúrà. Inú mi máa ń dùn sí i, nítorí ìlú tó ń kúnlẹ̀ sàn ju ìlú tó ń gbéra ga lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ wa ń bá Ọlọ́run dá èésú. A gba ààwẹ̀, a san ìdámẹ́wàá, a ṣe ìṣọ́ òru, a sì ń ka ọjọ́ tí yóò kàn wá láti kó. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò rí nǹkan kó, inú yóò bí wa sí olórí èésú. Ẹlòmíràn yóò ká ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìjọ yìí, yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún lọ, yóò ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tètè kó. Bó bá ti yí ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin po tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣófo, yóò jókòó sílé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò ní òun ti gbìyànjú Ọlọ́run tì.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ wa láti máa tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí ìtọrọ má di gbogbo ohun tó so wá pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta inú ìwé Dáníẹ́lì orí kẹta. Ìléru wà nílẹ̀ nígbà tí ọba ń bi wọ́n léèrè. Apá méjì ni ìdáhùn wọn ní. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé Ọlọ́run tí àwọn ń sìn lágbára láti yọ àwọn. Apá kejì ni a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù: wọ́n jẹ́ kí ọba mọ̀ pé bí kò bá tilẹ̀ yọ àwọn, àwọn kò ní forí balẹ̀ fún ère rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì mọ èwo ni yóò ṣẹlẹ̀. Àwa tí à ń kà á lónìí mọ̀ pé wọ́n jáde láàyè, ìdí nìyẹn tí a fi ń sáré dé ibi iṣẹ́ ìyanu, tí a sì ń fo ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù lọ nínú ìtàn náà kọjá.

Mo fẹ́ kí a wo ọmọ Yorùbá kan tó fi apá kejì yẹn gbé ayé fún ohun tó lé ní 60 ọdún. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. A máa ń sọ pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, a sì máa ń sọ pé ó tú Bíbélì sí èdè wa. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n a ti fi oyè bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí kí oyè tó dé, àti èyí tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn oyè, ni mo fẹ́ kí a fọkàn bá lọ.

Òṣoògùn ni wọ́n bí i sí, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà. Ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13 ni. Wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ra lọ́rùn, wọ́n sì pín wọn nígbà tí wọ́n kó wọn dé ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Kò tún fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà pé ìbànújẹ́ wọ òun lára lójú ọ̀nà yẹn débi pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Ní ọjọ́ keje Oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ àwọn Potogí gbé e kúrò ní Èkó pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹrú mìíràn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Myrmidon fi ká wọn mọ́. Ní Oṣù Kẹfà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, ní Sàró, ó di òmìnira.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ yìí kò mọ Jésù. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Kò sí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, kò sí ààwẹ̀ tó gbà. Ọjọ́ kọkànlá Oṣù Kejìlá 1825 ló ṣe ìrìbọmi, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti gba ìtúsílẹ̀. Bí ẹ bá ka àwọn ìwé tó kọ, ẹ ó rí i pé ẹni tí wọ́n ti ṣe lóore kó tó mọ olóore rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Pọ́ọ̀lù sọ ohun kan náà fún àwọn ará Róòmù ní orí karùn-ún, pé ìfẹ́ Ọlọ́run ti dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìṣòótọ́ tiwa, èsì ni. Ọlọ́run ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò rò pé òun ni òun kọ́kọ́ ṣe Ọlọ́run lóore, yóò sì máa lé e kiri bí ẹni lé ajigbèsè.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn Àjàyí ju àwọn tí ọkọ̀ ogun kò ká mọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kọjá lọ sí Bàhíà, ọ̀pọ̀ lọ sí Kúbà, àwọn ìyá tó ń gbàdúrà sì wà nínú wọn. N kò ní àlàyé tí yóò tó ìyà yẹn. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ní in, n kò ní bá a jiyàn, ṣùgbọ́n n kò ní gbà á gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Àjàyí kò fi ìdáǹdè rẹ̀ yangàn lórí àwọn yẹn. Ó gbà á bí gbèsè tó jẹ àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ san án.

Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1845, òun àti àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà dí. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó yẹ kó gbà wọ́n lálejò, ti kú, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ìwé ìrìnnà, ẹ̀yin tí ẹ ń retí iṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti parí àgùnbánirọ̀, ẹ mọ ohun tí ọdún kan ààbọ̀ jẹ́. Wọn kò jókòó sójú kan máa ka ọjọ́. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n wàásù fún àwọn ará Àgbádárìgì, tí kò sí nínú ètò wọn láti bá gbé. Iṣẹ́ tó wà níwájú wọn ni wọ́n ṣe.

Oṣù Kẹjọ 1846 ni wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Oṣù yẹn kò tíì parí tí ìyá kan fi wá bèèrè Àjàyí. Àfàlà ni, ìyá tó bí i. Ọdún 25 ti kọjá tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Ní Oṣù Kejì 1848, ìyá náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, ìyá Sámúẹ́lì.

Mo ti gbọ́ tí àwọn oníwàásù ń sọ ìtàn yìí, tí wọ́n ń fi dá ìjọ lójú pé ẹni tó bá dúró de Olúwa, ohun tó sọnù yóò padà wá. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè: bí ìyá náà bá ti kú ní oko ẹrú ńkọ́? Ó ti di ọdún kẹta tí Àjàyí ti di àlùfáà kó tó mọ̀ pé ìyá òun ṣì wà láàyè. Ó ti fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ òrukàn lójú ara rẹ̀. Ayọ̀ ńlá ni ọjọ́ Abẹ́òkúta yẹn jẹ́, èmi náà kì í kà á kí omi má bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kò fi ìyá rẹ̀ ṣe owó iṣẹ́. Ẹ̀bùn ni Ọlọ́run fún un, a kì í sì í ná ọjà lé ẹ̀bùn lórí.

Nǹkan mìíràn wà tó padà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí gbà. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, ibikíbi tó bá wà ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ àti òwe sílẹ̀. Ó máa ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí tàbí abọ̀rìṣà, kó lè mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ ní ti gidi. Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àkójọ ọdún 11 jóná, pẹ̀lú àwọn apá kan nínú Bíbélì tó ti tú. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kọ ìwé rí yóò mọ irú òfò tí èyí jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́. Tí ó bá jẹ́ ti èésú ni, ibí ló yẹ kí ó ti bínú kúrò, nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run ni iná jó, kì í ṣe ọjà tirẹ̀. Ó tún mú kálàmù. Òun àti àwọn bíi Thomas King ti jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn sì tún kún wọn. Ní 1884 ni Bíbélì Yorùbá pé lódindi. Èyí tí a ṣí níbí láàárọ̀ yìí, inú eérú ló ti gba kọjá wá sọ́dọ̀ wa.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ iná àti ogun yìí, kí ó má lọ dà bí ẹni pé ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá nìkan ni Ọlọ́run ń wo ìṣòótọ́ wa. Ó ń wò ó ní ọjọ́ Ajé. Ó ń wo kóńgò gàárì tí wọ́n ti fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Ó ń wo fáìlì tí akọ̀wé ìjọba fi pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ìwé Òwe kò fi bò pé ìwọ̀n èké jẹ́ ìríra fún Olúwa. Mo ń sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá ti ń purọ́ ní ọjọ́ tí ara dẹ̀ ẹ́, kò sí òtítọ́ tí yóò dì mú ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì. Àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́, kíka Bíbélì pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ilé, sísọ iye tí ọjà jẹ́ gan-an, àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni ń mú ọwọ́ wa le de ọjọ́ ńlá.

Ní báyìí, a dé ibi tí mo ń lọ.

Ìnúnibíni láti òde le. Ní 1849, wọ́n mú àwọn Kristẹni ní Abẹ́òkúta, wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà nítorí wọn kò bá ìlú bọ òrìṣà. Ní Bonny, ní 1875, wọ́n ju ẹrú kan tó jẹ́ onígbàgbọ́, Joshua Hart, sínú odò nítorí kò gbà láti jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi bọ òrìṣà. Mo bọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí aládùúgbò abọ̀rìṣà ń lù mọ ibi tí ọ̀tá wà, ó sì mọ ibi tí ará wà. Ó lè sá wọ inú ìjọ lọ sunkún. Níbo ni ẹni tí ìjọ fúnra rẹ̀ lù yóò sá sí? Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ọjọ́ 29 Oṣù Kẹfà 1864 ni wọ́n ya Crowther sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bíi bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó ń jẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ló dúró tì í, nítorí ó gbà pé ìjọ Áfíríkà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Townsend àti àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan nílẹ̀ Yorùbá ti sọ pé àwọn kò ní wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọ́n gé ààyè rẹ̀ kúrú: ọmọ Yorùbá jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn àti Èkó kò sì sí lábẹ́ rẹ̀. Odò Ọya ni wọ́n rán an sí, sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn. Ó ti ń bá iṣẹ́ ibẹ̀ bọ̀ láti 1857, nígbà tí òun àti John Christopher Taylor dá ìjọ Onitsha sílẹ̀. Ó gbà, ó lọ. Bí wọ́n bá ṣe irú èyí sí ọ̀kan nínú wa, ọjọ́ kejì ni a ó ti gbé pátákó ìjọ tuntun sí ẹnu ọ̀nà.

Venn kú ní 1873. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ kò ní irú ìgbàgbọ́ tó ní nínú àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó fi máa di 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan ti dé sí odò Ọya, Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson wà lára wọn. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ ìnáwó jókòó ní Onitsha, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni alága. Ó ti lé ní 80 ọdún. Níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ka ẹ̀sùn sí àwọn àlùfáà àti olùkọ́ni rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n yọ ti ọ̀tún, tí wọ́n dá ti òsì dúró. Wọ́n dá ọmọ bíbí inú rẹ̀, Dandeson, tó jẹ́ aṣíwájú àlùfáà ní ilẹ̀ àwọn Ìjọ̀, dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Brooke kò tíì pé 30 ọdún. Àwa tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í fi ìwọ̀sí lọ àgbà, a mọ ohun tí èyí jẹ́.

Ohun tó ń mú mi lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìgbéraga. Ìwà mímọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe oníjẹkújẹ. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rùn sílẹ̀, wọ́n kọ́ èdè Haúsá, wọ́n wọ aṣọ àwọn tí wọ́n ń wàásù fún. Wọ́n fẹ́ ìjọ tí kò lábààwọ́n. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891, Brooke kú níbẹ̀ ní 1892. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wọ́n léèrè ní ọjọ́ ìpàdé yẹn pé ta ni ẹ ń ṣiṣẹ́ fún, Ọlọ́run ni wọn ì bá dárúkọ, láìṣe àgàbàgebè. Èyí ló yẹ kí ó da gbogbo wa láàmú. Ẹni tó ń fẹ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn lè tẹ arákùnrin rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà, kó sì rò pé ìtara ni. Jòhánù nínú ìwé rẹ̀ kìíní kò jẹ́ kí a sá fún un: ẹni tí kò fẹ́ràn arákùnrin tó ń fojú rí kò lè fẹ́ràn Ọlọ́run tí kò rí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìwà mímọ́ ń jẹ lọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí lórí aṣọ àti ìrun orí, ẹ yẹ ọwọ́ yín wò kí ẹ tó na ẹlòmíràn.

Òótọ́ ní láti kan ìhà kejì náà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyẹn ni irọ́. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Crowther hu ìwà tí kò yẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ti bá àwọn kan wí rí. Odò náà gùn, ó wà ní Èkó, ọkọ̀ ló máa ń gbé e lọ wò wọ́n, kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Olórí onísùúrù ni, sùúrù rẹ̀ sì lè ti pọ̀ jù fún àwọn kan. Bí a bá fi ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀, a ti purọ́ nítorí Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì bẹ̀ wá ní irọ́. Ohun tó burú ni pé wọ́n kó olódodo mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n fi àṣìṣe àwọn díẹ̀ dájọ́ fún ìran kan lódindi, wọ́n sì ṣe é láìní ọ̀wọ̀.

Kí ni bàbá náà wá ṣe? Kò dákẹ́. Ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ pé kó gbé e fún Ọlọ́run kó má sọ̀rọ̀. Ó bá wọn jiyàn níbẹ̀. Ó tako ohun tí kò tọ́, ó sì kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ nítorí kò ní fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀, kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ó dúró ti àwọn ìjọ etí òkun, bíi ti Bonny, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa bójú tó ara àwọn. Àárín 1891 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn, 31 Oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọn kò dá a láre lójú ayé rẹ̀. Ní 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, Justin Welby, dúró nínú kàtídírà tí wọ́n ti yà á sí mímọ́, tó tọrọ àforíjì lórí bí ìjọ ṣe hùwà sí i. Ó ti lé ní ọdún 122 tó ti kú.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ìjọ ti dùn wà níbí. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ obìnrin kan nítorí ọkọ rẹ̀ kú, owó rẹ̀ sì dínkù. Wọ́n fi ọmọ kan ṣẹ̀sín lórí pèpéle nítorí ó lóyún, ẹni tó fún un lóyún sì ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Owó kíkọ́ ilé ìjọsìn pòórá, ẹni tó bèèrè ni wọ́n pè ní ọlọ̀tẹ̀. Ẹ̀yin tí èyí ṣẹlẹ̀ sí, n kò ní sọ fún yín pé ẹ gbàgbé. Crowther kò gbàgbé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ìwà àwọn wọ̀nyẹn ṣe òdiwọ̀n Ọlọ́run. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ó ṣe dùn yín tó. Ìwé Sáàmù kún fún ẹ̀hónú, kò sì sí èyí tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ le. Ẹni tó ń ráhùn sí Ọlọ́run ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ní tòótọ́, kí ẹ jọ máa gbàdúrà, ìbáà ṣe nínú yàrá. Ìdáríjì yóò dé ní àkókò tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi tipátipá yọ ọ́ lẹ́nu yín ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn tó ṣẹ̀ yín ni ó sábà máa ń tù lára.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ̀yin bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ìwé ìròyìn ọdọọdún wa máa ń ka iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí a máa ka àwọn tó jáde náà. Kí ẹni méjì lọ sí ilé wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́, láìmú ìwé ìgbowó lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan kù tí mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn kúrò ní ìjọ tí wọ́n ti ń pọ́n ọn lójú? N kò lè fi ẹnu kan dáhùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń lu èèyàn, tàbí tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ọmọdé, kí ó jáde lónìí, kí ó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ní ti ìyókù, ẹ wo ohun tí àwọn ará Bonny àti àwọn ìjọ etí òkun yòókù ṣe ní 1892, lẹ́yìn tí Crowther kú. Wọ́n yọ ara wọn kúrò lábẹ́ CMS, Dandeson sì ni olórí wọn. Wọ́n kọ owó Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń fi owó ara wọn san owó iṣẹ́ àwọn àlùfáà àti olùkọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀. Ìwé àdúrà kan náà ni wọ́n ń lò ní ọjọ́ Ìsinmi, bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó tó jókòó sórí àga Crowther ni wọ́n sì ń retí kó wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ wọn lórí.